Ọdẹ Ohun Àràmàǹdà: Láti Igbó Láàjà dé inú Géèmù Pokémon

Ṣàṣà ni ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀ tí kò gbọ́ ìtàn Ọ̀rọ̀nsẹ̀n rí. Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n fẹ́ ìyàwó kan tí ẹwà rẹ̀ kọjá ti ọmọ ènìyàn. Àwọn kan a tilẹ̀ máa sọ pé inú ìgbẹ́ ni ọba ti bá a pàdé nígbà tí ó ń ṣe ọdẹ. Obìnrin náà kò tan ọkọ rẹ̀ jẹ. Ó sọ fún un pé èèwọ̀ mẹ́ta ni òun ní: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ ilá lójú òun, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá, ẹni tí ó bá sì ru igi ti oko bọ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdì igi náà lulẹ̀ gbì. Ọba gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn orogún kò gbà. Nígbà tí ó di ọjọ́ kan, wọ́n lọ ilá, wọ́n da omi, wọ́n ju igi lulẹ̀. Ọ̀rọ̀nsẹ̀n dìde, ó sá jáde kúrò ní ààfin. Àwọn ìránṣẹ́ ọba lé e títí, wọn kò rí i mú padà. Ọ̀já orí rẹ̀ ni ó bọ́ sílẹ̀ ní igbó tí a ń pè ní Igbó Láàjà títí di òní olónìí. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe ọdún Ìgógó lọ́dọọdún, tí Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ń di irun bí obìnrin, tí ìlù lílù sì di èèwọ̀, tí ó fi jẹ́ pé agogo ni a ń gbọ́ ní ìgboro ní gbogbo ìgbà ọdún náà.

Ìtàn yìí ni ó yẹ kí ènìyàn fi sí ọkàn kí ó tó yẹ eré kan wò tí ó gbòde láàárín àwọn ọ̀dọ́, tí ọ̀pọ̀ àgbà sì ń fi ojú yẹpẹrẹ wò. Eré náà ni géèmù tí a ń pè ní Pokémon, nínú èyí tí ọmọdé àti àgbàlagbà ń fi ẹ̀rọ kékeré ṣe ọdẹ àwọn ẹranko tí kò sí ní ilé ayé. Ẹ̀ka kan wà nínú iṣẹ́ ọdẹ náà tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ fúnra rẹ̀, èyí sì ni ọdẹ ẹranko aláwọ̀-ọ̀tọ̀, èyíinì ni ẹyọ kan tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó sì ṣọ̀wọ́n bí ojú. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú ti ṣe ìṣirò, wọ́n sì ti la ọ̀nà tí ènìyàn fi lè rí ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ní kíákíá. Ìbéèrè lámèyítọ́ ni pé kí ni àwọn ọ̀nà kíákíá wọ̀nyí ń sọ ìtàn ọdẹ dà? Ọdẹ wà nínú ìtàn Ọ̀wọ̀, ohun àràmàǹdà wà níbẹ̀, èèwọ̀ náà sì wà níbẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó tún wà nínú géèmù náà. Ṣùgbọ́n Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n kò lè pa ọjọ́ tí aya rẹ̀ lọ rẹ́, kí ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ọdẹ orí ẹ̀rọ lè ṣe bẹ́ẹ̀, níbẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Satoshi Tajiri, ọmọ ilẹ̀ Jàpáànì, ni ó ronú eré yìí kàn. Nígbà tí ó wà ní kékeré ní Machida, ní ẹ̀yìn ìlú Tokyo, kòkòrò ni ó máa ń mú kiri inú pápá àti etí omi. Bí ó ti ń dàgbà ni àwọn pápá náà ń di ilé, tí àwọn odò kékeré náà sì ń parẹ́. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ tí kò ní ìgbẹ́ mọ́ rí nǹkan kan fi rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún 1996 ni géèmù àkọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ Jàpáànì pẹ̀lú oríṣi ẹranko 151. Àwọn oríṣi náà ti lé ní 1,000 báyìí. Nínú géèmù kejì, Gold àti Silver, tí ó jáde ní ọdún 1999, ni ẹranko aláwọ̀-ọ̀tọ̀ ti kọ́kọ́ fi ara hàn. Ìgbàkígbà tí ẹranko kan bá yọ sí ọdẹ, ìrètí pé yóò jẹ́ aláwọ̀-ọ̀tọ̀ jẹ́ ẹyọ kan nínú 8,192, èyíinì ni ẹgbàarin ó lé igba ó dín mẹ́jọ. Ní ọdún 2013 ni wọ́n dín ìnira náà kù sí ẹyọ kan nínú 4,096.

Ẹni tí ó bá mọ Ifá yóò rí i pé iye yìí kì í ṣe àjèjì. Bí babaláwo bá da ọ̀pẹ̀lẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, odù 256 ni ó wà, ọ̀kan nínú wọn ni yóò sì yọ. Ìlọ́po mẹ́rìndínlógún 256 ni 4,096 jẹ́ géérégé. Ìdí rẹ̀ ni pé ojú méjì méjì ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní, méjì méjì náà sì ni ẹ̀rọ fi ń ka nǹkan. Ṣùgbọ́n níhìn-ín ni ìyàtọ̀ ńlá kan ti jáde, tí kò sì yẹ kí a fi ẹsẹ̀ gbá a kọjá. Kò sí odù tí ó jẹ́ òfo lójú babaláwo. Èyíkéyìí tí ó bá yọ, ó ní ẹsẹ, ó ní ìtàn, ó ní ẹbọ. Ẹni tí ó wá dá Ifá kò lè ní kí wọ́n gbá a dànù nítorí pé òmíràn ni òun ń retí. Lójú ọdẹ aláwọ̀-ọ̀tọ̀, 4,095 nínú 4,096 kò ní ìtumọ̀. Ó rí wọn, ó kọjá lára wọn bí ẹni tí ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì.

Ìṣirò tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà kò le, ó sì yẹ kí olùkọ́ ìṣirò ní ilé-ìwé girama fi kọ́ àwọn ọmọ, nítorí pé ó ń tú àṣìṣe kan tí ó gbilẹ̀ fó. Ọ̀pọ̀ ni ó rò pé bí òun bá ti pàdé ẹranko 4,096, dandan ni kí aláwọ̀-ọ̀tọ̀ yọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ọdẹ tí ó pàdé iye náà, nǹkan bíi mẹ́tàdínlógójì ni kò ní tíì rí ohunkóhun. Ìgbà tí ìrètí rírí àti àìrí yóò dọ́gba ni ìgbà tí ọdẹ bá pàdé ẹranko 2,839. Èyí tí ó sì burú jù nínú rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ kò ní ìrántí: ẹni tí ó ti jìyà lẹ́gbẹ̀rún ìgbà àti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ní àárọ̀ yìí, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú rẹ̀. Bí ìpàdé kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú kan péré, 2,839 yóò gba wákàtí mẹ́tàdínláàádọ́ta, ó lé díẹ̀. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé àwọn ọdẹ bẹ̀rẹ̀ sí wá ọ̀nà àbùjá.

Ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti ṣàlàyé ni ti pípa ẹ̀rọ àti títàn án. Àwọn ẹranko kan wà tí ó dúró sí ojú kan nínú ìtàn géèmù náà, tí ọdẹ kò sì lè bá pàdé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọdẹ yóò fi ibi tí ó dé pamọ́ sínú ẹ̀rọ, yóò rìn tọ ẹranko náà lọ, yóò wo àwọ̀ rẹ̀; bí àwọ̀ náà bá jẹ́ ti gbogbo ayé, yóò pa ẹ̀rọ láìjà, yóò tún un tàn, ẹranko náà yóò sì tún wà níbẹ̀ bí ẹni pé wọn kò pàdé rí. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe fún ọ̀sẹ̀, fún oṣù. Ọ̀nà yìí ni àwọn oníkíákíá kan ń yìn, nítorí pé ohunkóhun kò lè bọ́ mọ́ ọdẹ lọ́wọ́. Ìdí náà gan-an ni ó fi jẹ́ èyí tí ó burú jù gẹ́gẹ́ bí ìtàn. Ìtàn ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀, tí kò sì ṣeé sọ pé kò ṣẹlẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó pa ẹ̀rọ ní ẹ̀ẹ̀mejì-dín-lọ́gọ́rùn-ún tí ó sì rí aláwọ̀-ọ̀tọ̀ lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni nǹkan ṣẹlẹ̀ sí i nínú ayé eré náà. Àwọn yòókù ti parẹ́. Orogún ti lọ ilá, wọ́n ti kó ilá náà nílẹ̀, Ọ̀rọ̀nsẹ̀n ṣì wà lórí ìjókòó rẹ̀. Kò ní sí Ìgógó.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀nà kejì wé e, èyí tí ó wà nínú Diamond àti Pearl ti ọdún 2006. Nínú rẹ̀, ọdẹ ní ẹ̀rọ kékeré kan tí ń tọpasẹ̀ ẹranko. Bí ó bá lò ó láàárín koríko, ibi mélòó kan yóò mì. Inú ọ̀kan nínú wọn ni ọdẹ gbọ́dọ̀ wọ̀. Bí ẹranko tí ó bá yọ bá jẹ́ irú èyí tí ó pàdé ṣáájú, a jẹ́ pé ẹ̀wọ̀n náà ti gùn sí i ní ẹyọ kan, ìrètí àtirí aláwọ̀-ọ̀tọ̀ sì ń pọ̀ sí i, títí ẹ̀wọ̀n náà yóò fi di ogójì, tí ìrètí náà yóò sì tó nǹkan bí ẹyọ kan nínú 200. Ṣùgbọ́n bí irú ẹranko mìíràn bá yọ, ẹ̀wọ̀n já. Bí ọdẹ bá jìnnà jù sí ibi tí koríko ti mì, ẹ̀wọ̀n já. Bí ó bá sáré gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹ̀wọ̀n já. Lẹ́yìn ìlò kọ̀ọ̀kan, ó ní láti rin ìṣísẹ̀ àádọ́ta kí ẹ̀rọ atọpasẹ̀ tó tún ṣiṣẹ́. Àwọn ọdẹ tí ó mọwọ́ rẹ̀ ti wá mọ irú koríko tí ó yẹ kí wọ́n wọ̀: èyí tí ó jìnnà sí ọdẹ ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n ń yàn, wọn kì í sì í súnmọ́ èyí tí ó wà ní etí pápá.

Ènìyàn kò nílò kí a sọ fún òun pé èèwọ̀ nìwọ̀nyí. Ọdẹ ìgbẹ́ tí ó ń dẹ etí odò Ọ̀sẹ̀ ní agbègbè Ìfọ̀n tàbí Ìdóàní yóò mọ̀ ọ́n lójú kan náà. Òun náà kì í wọ inú koríko bí ó ti rí. Ó ń wo ipa ẹsẹ̀, ó ń wo ibi tí ìgalà ti jẹ ewé, ó ń wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí kí òórùn ara rẹ̀ má baà ṣáájú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹran. Bí igi gbígbẹ kan bá dá lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, òru náà bàjẹ́. Ẹni tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ já ní ìkẹjìdínlógójì mọ irú ọ̀fọ̀ tí í ṣe. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó fi ọ̀nà yìí ṣe ọdẹ fi ń ní ìtàn láti sọ, tí àwọn apẹ̀rọ-tanná kò sì ní ju iye lọ. A ó gbọ́ kí ẹni kan sọ pé, "Ogún ni mo dé kí ó tó já," ohùn rẹ̀ yóò sì yí padà. Èyí kò tíì jẹ́ ìjálá, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n inú irú ohùn bẹ́ẹ̀ ni ìjálá ti ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà èrò pé ọ̀nà kíákíá ń pa ìtàn kò tọ̀nà pátápátá. Èyí tí ń pa ìtàn ni ọ̀nà tí kò sí ohun tí ó lè sọnù nínú rẹ̀. Ti ẹ̀wọ̀n yára ju ti àìlọ́nà lọ, síbẹ̀ ó ń pa ìbẹ̀rù mọ́.

Ọ̀nà kẹta ni ó kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè jù lọ. Orúkọ Junichi Masuda, ẹni tí ó darí Diamond àti Pearl, ni àwọn ọdẹ fi ń pè é. Bí ọdẹ bá kó akọ àti abo ẹranko jọ kí wọ́n yé ẹyin, ìrètí pé ọmọ inú ẹyin yóò jẹ́ aláwọ̀-ọ̀tọ̀ máa ń pọ̀ gan-an bí bàbá àti ìyá bá wá láti inú géèmù tí èdè wọn yàtọ̀, bí ọ̀kan bá ti inú géèmù elédè Jàpáànì wá, tí èkejì sì ti inú ti elédè Faransé. Láti ọdún 2013, ìrètí náà jẹ́ nǹkan bí ẹyọ kan nínú 683. Bí ọdẹ bá tún ní oògùn oríire tí wọ́n ń fún ẹni tí ó ti mú gbogbo oríṣi ẹranko tán, ó di ẹyọ kan nínú 512. Níbi ìpàdé 355, ìrètí rírí àti àìrí ti dọ́gba. Wákàtí mẹ́tàdínláàádọ́ta ti di nǹkan bíi mẹ́fà nínú ìṣirò ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyin kì í pa ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹ wo ohun tí eléré náà ṣe, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Ó ní níbi tí èdè méjì bá ti pàdé ni ohun àràmàǹdà ti ń bí. Ẹni tí ó fẹ́ ohun tí ó ṣọ̀wọ́n gbọ́dọ̀ wá ẹni tí kò gbọ́ èdè òun, kí wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀. Ní Ọ̀wọ̀, ìlú tí ó wà láàárín Ifẹ̀ àti Ìbíní, tí iṣẹ́ ọnà rẹ̀ sì fi àmì ìhà méjèèjì hàn, ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣàjèjì. Orí ènìyàn oníwo àgbò tí wọ́n ń gbẹ́ sí ojú ìbọ àwọn baba ńlá níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ọ̀sàmàsìnmì, jẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n kun àgbò ní ọ̀dà mìíràn. Wọ́n so ènìyàn àti àgbò pọ̀ láti sọ ohun kan nípa agbára baba tí ó ti kú. Ṣùgbọ́n àwọn èdè tí a fi ń ṣe géèmù náà ni ti Jàpáànì, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Jámánì, Ítálì, Spéènì, Kòríà àti ti Ṣáínà, èyí tí ó dé ní ọdún 2016. Kò sí Yorùbá, kò sì sí èdè ilẹ̀ adúláwọ̀ kan níbẹ̀. Ọ̀dọ́ Ọ̀wọ̀ tí ó ń ṣe ọdẹ yìí ń ṣe é ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èdè ìyá rẹ̀ kò lè bí aláwọ̀-ọ̀tọ̀ kankan. Ẹ̀dùn ọkàn ni èyí, ó sì ju ẹ̀dùn tí ń jẹ yọ nígbà tí orúkọ ènìyàn kò bá sí nínú ìwé lọ, nítorí pé eré náà fúnra rẹ̀ ni ó sọ pé ìyàtọ̀ èdè níye lórí.

Scarlet àti Violet, tí ó jáde ní ọdún 2022, ni ó kó ọ̀nà kíákíá jọ jù. Ẹranko irú kan náà a máa ya bo ibi kan bí eṣú; bí ọdẹ bá ti ṣẹ́gun ọgọ́ta nínú wọn, ìrètí rẹ̀ pọ̀ sí i. Ọdẹ tún lè se oúnjẹ, búrẹ́dì tí a há nǹkan sí láàárín pẹ̀lú ewé kan tí ó ṣòro rí, kí ó jẹ ẹ́, agbára rẹ̀ yóò sì wà lára rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ó bá fi oògùn oríire kún un, tí ó sì ti ṣẹ́gun ọgọ́ta, ó tún di nǹkan bí ẹyọ kan nínú 512. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè pè é ní àsèjẹ ọdẹ, kò sì ní jìnnà sí òótọ́. Síbẹ̀ gbogbo rẹ̀ tutù. Ó dà bí ìwé owó tí akọ̀wé ń ṣe: ọgọ́ta níhìn-ín, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́hùn-ún.

Ohun kan ṣoṣo ni ó gba géèmù yìí là. Ọdẹ lè rán ẹranko tirẹ̀ síwájú kí ó máa bá àwọn ẹranko ìgbẹ́ jà fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ajá ọdẹ, nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ ń wo ibòmíràn. Ẹranko yìí yóò bá ohunkóhun jà, ṣùgbọ́n bí aláwọ̀-ọ̀tọ̀ bá wà níwájú rẹ̀, kò ní jà. Yóò yí padà. Aláwọ̀-ọ̀tọ̀ kì í sì í tàn yòò nínú pápá níbẹ̀, kì í dún. Nígbà mìíràn àwọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti àwọn yòókù tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ọdẹ fi kọjá lórí rẹ̀. Ajá ni ó kọ́kọ́ mọ̀. Gbogbo ẹni tí ó bá mọ ọdẹ ilẹ̀ wa mọ ìgbà tí ajá bá dúró, tí ó kọ̀ láti wọ inú igbó, tí ọ̀gá rẹ̀ sì mọ̀ pé ohun tí ó wà níwájú kì í ṣe ẹran lásán. Nínú gbogbo ohun tí àwọn aṣeré Jàpáànì wọ̀nyí dá, kò sí èyí tí ó súnmọ́ ìwà ọdẹ tó èyí.

Àléébù tí ó ga jù nínú aláwọ̀-ọ̀tọ̀ ni pé kò ní oríkì tirẹ̀. Oríkì ẹranko nínú ìjálá, gẹ́gẹ́ bí ìwé tí Adébóyè Babalọlá gbé jáde ní ọdún 1966 ti jẹ́ kí ayé mọ̀, dúró lórí ìṣe ẹranko náà: bí ó ti ń rìn, ohun tí ó ń jẹ, ìyà tí ó fi jẹ ọdẹ. Aláwọ̀-ọ̀tọ̀ ń rìn bí ẹgbẹ́ rẹ̀, agbára rẹ̀ kò ju tiwọn lọ, ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ ni ó ń jẹ. Ẹ fi Àgbákò, olójú mẹ́rìndínlógún tí Àkàrà-Oògùn bá pàdé nínú ìwé D. O. Fágúnwà ti ọdún 1938, wé e. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, kò sọ iye Àgbákò tí ó wà fún òǹkàwé. Kò sí èkejì rẹ̀, nítorí náà kò sí ìrètí tí a lè ṣírò. Ẹ̀rù rẹ̀ wà nínú ìwà rẹ̀.

Ẹ̀rí wà nínú Pokémon fúnra rẹ̀ pé àwọn tí ó ṣe é mọ ìyàtọ̀ yìí nígbà kan rí. Nínú Gold àti Silver, ẹja ńlá pupa kan wà nínú adágún tí ọdẹ gbọ́dọ̀ dé kí ìtàn tó lè tẹ̀ síwájú. Gyarados ni orúkọ irú rẹ̀, àwọ̀ búlúù ni àwọn yòókù ní. Ọ̀wọ́ àwọn jàǹdùkú kan ti gbé ìgbì rédíò sínú omi náà, tí ó ń fi ipá sọ àwọn ẹja kékeré di ẹja ńlá kí àsìkò wọn tó tó, èyí sì ni ó fà á tí inú ẹja pupa náà fi ru. Gbogbo ẹni tí ó bá ṣe eré náà ni ó ń pàdé rẹ̀. Kò ṣọ̀wọ́n rárá. Síbẹ̀ òun ni ìtàn géèmù náà fún ní ìdí tí a fi lè rántí rẹ̀, nítorí pé pupa rẹ̀ ní ìdí: ìyà ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni iye gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìtàn.

Ti Pokémon GO, tí ó dé orí fóònù ní oṣù keje ọdún 1916 tí a fi ọgọ́rùn-ún kún, èyíinì ni 2016, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó mú ọdẹ jáde sí òpópónà, èyí tí ó dára. Ní ọdún 2017 ni aláwọ̀-ọ̀tọ̀ wọ inú rẹ̀, láti oṣù kìíní ọdún 2018 ni wọ́n sì ti ń yan ọjọ́ kan nínú oṣù tí ẹranko kan yóò pọ̀ ní gbogbo ayé fún wákàtí díẹ̀, tí aláwọ̀-ọ̀tọ̀ rẹ̀ yóò sì rọrùn rí. Ó dà bí ọjọ́ àjọ̀dún. Ṣùgbọ́n ibi tí àwọn ẹranko wà nínú rẹ̀ dá lórí àwọn ibi tí àwọn eléré ti kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tí ó ni géèmù. Ìlú ńlá ni èyí sì ṣe lóore jù. Lójú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, igbó tí kò sí ẹni tí ó kọ orúkọ rẹ̀ jẹ́ òfìfo, ìbáà jẹ́ pé ẹran kún inú rẹ̀.

Ẹran kò sì kún inú rẹ̀ mọ́ bí ti àtijọ́. Èyí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ Tajiri àti pápá rẹ̀ tí ó di ilé wọ ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ lára ju bí ènìyàn ti lè rò lọ. Láti ọdún 1985 ni òfin Nàìjíríà ti ń dáàbò bo àwọn ẹranko tí ó ń parun. Ní ọdún 2016 kan náà tí Pokémon GO jáde ni àwọn orílẹ̀-èdè péjọ ní Johannesburg, tí wọ́n sì fòfin de òwò ààkà, ẹran onípẹ́ tí í ká ara rẹ̀ kò bí òkúta nígbà tí ó bá rí ọ̀tá, kárí ayé. Ọmọ tí ó bá wo inú géèmù náà yóò rí ẹranko kan tí ń ká ara rẹ̀ kò bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, Sandshrew, yóò sì lè pàdé rẹ̀ nígbà ẹgbẹ̀rún mẹ́rin kí ó tó rí aláwọ̀-ọ̀tọ̀ rẹ̀. Nínú igbó, ààkà lásán ni aláwọ̀-ọ̀tọ̀. Ọdẹ tí ó bá pa á kò lè pa ẹ̀rọ kankan kí ó tún un tàn.

Bí ó bá wá di ọjọ́ kan tí ọ̀dọ́ kan láti Ìpèlé tàbí Ọ̀kẹ̀lúsè bá fẹ́ ṣe géèmù tirẹ̀ ní èdè Yorùbá, iye kọ́ ni yóò ṣòro fún un. Ìṣirò ẹyọ kan nínú 4,096 jẹ́ iṣẹ́ ìlà díẹ̀ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kọ. Ohun tí yóò ṣòro ni kí ó dá ẹranko kan tí yóò lọ tí kò ní padà, kí ó sì fi èèwọ̀ rẹ̀ lé eléré lọ́wọ́, kí ó jẹ́ kí ó mọ̀ ṣáájú, gẹ́gẹ́ bí Ọ̀rọ̀nsẹ̀n ti jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ mọ̀. Àwọn tí ń ta géèmù kò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tí ohun rẹ̀ bá sọnù a máa bínú.

Ní ọdún 1971 ni Ekpo Eyo wa ilẹ̀ ní Igbó Láàjà, ní ibi tí ìtàn sọ pé ọ̀já Ọ̀rọ̀nsẹ̀n bọ́ sí. Àwọn ère amọ̀ ni ó bá níbẹ̀, tí ọjọ́ orí wọn tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fọ́. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹkùn tí ó ń jẹ ẹsẹ̀ ènìyàn. Ẹni tí ó mọ ọ́n ti rí ẹkùn dáadáa.